Dókítà Tí Kì Í Fúnni Lábẹ́rẹ́

Lọ́sẹ̀ tí àbúrò mi gba oyè dókítà ní yunifásítì, a lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá wa ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde. Lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan gàrí la bá wọn. Èéfín ti mú ojú wọn pọ́n, igbá tí wọ́n fi ń yí gàrí nínú agbada ò sì kúrò lọ́wọ́ wọn títí a fi kí wọn tán. Bí wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ wọn ti di dókítà, wọ́n súre, wọ́n fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ọn, wọ́n ká ìró sókè díẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún.

"Dókítà mi, bá mi wo orúnkún yìí. Kì í jẹ́ kí n sùn lóru."

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. "Màmá, èmi kì í ṣe irú dókítà yẹn o."

"Irú wo wá ni ẹ́?"

"Ìtàn ni mo kọ́, mà. Mo ṣèwádìí lórí àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Èkó."

Màmá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ìtàn? Gbogbo ọdún tó o fi wà níbẹ̀ yẹn, àlọ́ lò ń pa?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ irú ìbéèrè yẹn lẹ́nu àwọn tó lọ sí yunifásítì fúnra wọn. Kí ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọ̀nyí ń wádìí gan-an? Ta ló rán wọn níṣẹ́ pé kí wọ́n máa wá ìdí ewì, ìlù, eegun tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún ọdún, tàbí kòkòrò tí ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, nígbà tí iná ò sí tí títì ò sì dáa? Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó bá wọ aṣọ funfun tó gbé ìgò dání nìkan ló ń ṣèwádìí. Àwọn yòókù kàn ń ka ìwé tí ẹlòmíì ti kọ ni.

Mo fẹ́ gbìyànjú láti tú ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì ní rìn jìnnà. Gàrí tó wà nínú agbada Màmá yẹn tó mi í fi ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti orúkọ. Ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí olùkọ́ ni "dókítà" ti jáde wá. Ní àwọn yunifásítì àtijọ́ ní Yúróòpù, olùkọ́ òfin àti olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ń jẹ́ dókítà bí olùkọ́ ìṣègùn ṣe ń jẹ́ ẹ. Àwọn oníṣègùn ló kàn gba orúkọ náà mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́ lójú aráàlú. Kí wọ́n tó fún èèyàn ní oyè tí àbúrò mi gbà yìí, ó gbọ́dọ̀ rí ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀, kó fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀, kó sì dúró níwájú àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà tí wọ́n á gbìyànjú láti bì í ṣubú. Wọn ò bèèrè pé kí ohun náà tóbi. Ó lè kéré bíi hóró gàrí kan. Kó ṣáà ti jẹ́ tuntun, kí ẹlòmíì sì lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibẹ̀ ni ìwádìí ti yàtọ̀ sí ìwé kíkà. Ẹni tó ka gbogbo ìwé tí wọ́n ti kọ lórí gàrí ti mọ̀wé gan-an, ṣùgbọ́n kò tíì ṣèwádìí. Ó di ọjọ́ tó bá bèèrè ohun tí kò sí nínú ìkankan nínú àwọn ìwé yẹn, tó sì dìde lọ wá a.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Màmá. Wọ́n á bẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń rin ín. Wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n á fi jáàkì fún un tàbí kí wọ́n gbé òkúta lé e lórí, omi á máa ro jáde fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ti Ìjẹ̀bú, tí ẹnu ń ta síni tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, a máa pẹ́ ju ti ibòmíràn lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á kù ú, wọ́n á yan án. Bí o bá bi Màmá pé kí ló dé tí iṣẹ́ náà gùn tó báyìí, wọ́n á ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn, pé ẹni tó bá kánjú yan gàrí, gàrí náà á dà á láàmú nínú.

Òótọ́ ni, onímọ̀ kẹ́mísírì ló sì lè sọ ìdí rẹ̀. Májèlé kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí kò tíì di májèlé. Linamarin ni wọ́n ń pè é, inú àpò kékeré kan nínú sẹ́ẹ̀lì ló ń gbé. Ohun mìíràn tó lè já a, linamarase, wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì. Bí ẹni fi ìṣáná sí yàrá tó fi kẹrosíìnì sí ilé ìdáná ni. Níwọ̀n ìgbà tí ògiri bá wà láàárín wọn, ilé ò jó. Ọjọ́ tí ẹran tàbí kòkòrò bá bu ẹ̀gẹ́ jẹ, ògiri á wó, méjèèjì á pàdé, hydrogen cyanide, ìyẹn májèlé náà gan-an tí à ń pè ní cyanide, á jáde. Ohun ìjà tí ẹ̀gẹ́ fi ń gbèjà ara rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀rọ bá rin ín kúnná, gbogbo ògiri wó lẹ́ẹ̀kan náà, májèlé náà sì tú síta. Ní nǹkan bíi ìwọ̀n 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ń hó tó ń di afẹ́fẹ́, oòrùn Ìjẹ̀bú sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Apá kan á bá omi lọ, apá kan á bá afẹ́fẹ́ lọ, iná abẹ́ agbada á lé ìyókù. Màmá ò gbọ́ orúkọ linamarin rí, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe láti ìdí ẹ̀rọ dé ojú agbada, òun ni wọ́n ń bá jà.

Kíkan tó ń kan ńkọ́? Ìyẹn ti kúrò lọ́wọ́ onímọ̀ kẹ́mísírì, ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń wo kòkòrò àìfojúrí. Ní 1959, Collard àti Levi láti Ìbàdàn kọ ọ́ sínú jọ́nà kan tó ń jẹ́ Nature pé ipele méjì ni kíkan ẹ̀gẹ́ ń gbà: kòkòrò kan á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohun kan tó jẹ́ ẹbí èbù ara búrẹ́dì á parí rẹ̀. Àwọn tó wá lẹ́yìn wọn tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé àwọn kòkòrò tó ń mú wàrà kan ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ bú Collard. Jọ́nà, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ni ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kí ìwádìí tó wọ inú rẹ̀, olóòtú á fi ránṣẹ́ sí àwọn méjì tàbí mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, àwọn yẹn á sì wá ibi tó jò. Lẹ́yìn tó bá jáde tán, gbogbo ayé lè máa bá a fà á. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n bá òun fà á, kó má ṣèwádìí.

Ibi tí ìyẹn ti hàn jù lọ ni ọ̀rọ̀ àìsàn ẹsẹ̀ kan. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn dókítà tó ń fúnni lábẹ́rẹ́, irú èyí tí Màmá ń wá, ń rí àwọn aláìsàn láti agbègbè Ẹpẹ́ àti Ìjẹ̀bú tí ìyà kan náà ń jẹ. Ẹsẹ̀ á máa jó wọn bí iná, lẹ́yìn náà á kú tipiri. Wọ́n á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mu ọtí. Ojú á máa ṣe bàìbàì, etí á máa di díẹ̀díẹ̀. Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan ní yunifásítì Ìbàdàn, kò jókòó sí ọ́fíìsì kó máa kọ oògùn fún wọn. Ó bèèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó wọn thiocyanate tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ohun tí ara ń sọ cyanide dà kí a lè tọ̀ ọ́ dànù. Ó fi wé ti àwọn tí ara wọn le. Ti àwọn aláìsàn ga ju tiwọn lọ. Ní 1968 ó tẹ iṣẹ́ náà jáde nínú jọ́nà tó ń jẹ́ Brain, ìka rẹ̀ sì ń tọ́ka sí ẹ̀gẹ́ tí èèyàn ń jẹ láràárọ̀ lálaalẹ́ láìsí ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà tó tó nǹkan. Inú àwọn yẹn ni ara ti ń rí èròjà tó ń fi fọ cyanide kúrò.

Èèyàn lè rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ìwé ìròyìn ì bá sì ti gbé e jáde pé gàrí ń pa ojú. Ṣùgbọ́n ní 2000, Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Òṣóṣà, ìlú kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n bá àìsàn náà níbẹ̀ síbẹ̀. Ní 2002 wọ́n tún gbé òmíràn jáde: ìlú mìíràn wà tí cyanide ń wọ ara wọn gan-an láti inú oúnjẹ ẹ̀gẹ́, àìsàn náà ò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ cyanide nìkan ni, kí ló dé? Ìbéèrè náà ṣì wà lórí tábìlì. Mo mọ̀ pé èyí máa ń bí àwọn èèyàn nínú, wọ́n á ní àwọn onímọ̀ ò lè fẹnu kò. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni mo ti máa ń gbà wọ́n gbọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yí padà rí láti 1968, oníṣòwò ni.

Àìsàn mìíràn tún wà tó jọ ọ́, konzo, èyí tí ẹjọ́ ẹ̀gẹ́ ti ṣe kedere sí i. Èdè àwọn Yaka ní Congo ni orúkọ náà, ó túmọ̀ sí ẹsẹ̀ tí wọ́n so pọ̀. Òjijì ni ẹsẹ̀ méjèèjì á le gbagidi, kì í sì í sàn. Ní 1981 ó ṣe ju 1,000 èèyàn lọ ní àríwá Mozambique, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Hans Rosling, dókítà ará Sweden, wà lára àwọn tó tú àdììtú náà. Ọ̀dá ti mú kí májèlé inú ẹ̀gẹ́ pọ̀ sí i, ebi sì ń pa àwọn èèyàn débi tí wọn ò fi lè dúró dé ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá á máa gbẹ.

Ẹ dúró níbẹ̀ wò ó. Onímọ̀ kẹ́mísírì lè sọ bí májèlé ṣe ń jáde, dókítà sì lè sọ ohun tó ń ṣe iṣan ẹsẹ̀. Ìkankan nínú wọn ò lè fi ìgò rẹ̀ ṣàlàyé ìdí tí ìyá kan tó ti mọ̀ láti kékeré pé kò yẹ kí èèyàn kánjú sí ẹ̀gẹ́ kíkorò fi gbé e kaná kó tó gbẹ. Ẹni tó máa rí ìyẹn ni ẹni tó lọ jókòó ti ìyá náà, tó gbọ́ èdè rẹ̀, tó bèèrè ohun tó kù nínú àká, iye ọmọ tó ń sunkún nílé, bí ọjà ti jìn tó. Ẹ̀rí tirẹ̀ kì í sí nínú ìgò. Ẹnu èèyàn ló wà, ó sì ní bí a ṣe ń gbà á kí ó má baà di àhesọ: o ò ní bi ẹnì kan ṣoṣo, o ò ní fi ìdáhùn sẹ́nu ẹni tí ò ń bi, o ò sì ní ju ìdáhùn tí kò bá ọ lára mu nù.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ṣe láti 1989, nígbà tí Felix Nweke darí ìwádìí ńlá kan tó kárí abúlé 281 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́fà, Nàìjíríà wà lára wọn. Ohun tí gbogbo ayé ń wí nígbà yẹn ni pé oúnjẹ tálákà ni ẹ̀gẹ́, pé obìnrin ló ni ín. Wọ́n débẹ̀, wọ́n kà á, wọ́n rí i pé ọjà ni ọ̀pọ̀ ń gbìn ín fún, pé àwọn ọkùnrin náà wà nínú oko ẹ̀gẹ́ dáadáa. Ẹni tó bá ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ń di àpò gàrí sí lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú á ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ìjọba àti àwọn olówó tó ń pín ìrànwọ́ ò mọ̀.

Ní tèmi, ìtàn tó dáa jù láti fi hàn pé ìmọ̀ kan ò lè dá gbé ni ti kòkòrò funfun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ló bọ́ sínú oko ẹ̀gẹ́ ní Congo, bí ẹni bu èlùbọ́ sára ewé. Abo ni gbogbo wọn. Kò sí akọ, abo kan á dá bímọ, ọmọ náà á tún dá bímọ. Kí ó tó di 1980 ó ti wọ Nàìjíríà. Ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ á ká kò, ewé á rẹ̀, àwọn oko kan wà tó jẹ́ pé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìkórè wọn ló bá a lọ. Ẹni tó bá dàgbà lábúlé nígbà yẹn á rántí bí gàrí ṣe gbówó lórí.

Ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ọmọ Switzerland kan tó ń jẹ́ Hans Herren bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó jẹ́ ti òpìtàn: níbo ni ẹ̀gẹ́ ti wá sọ́dọ̀ wa? Ìdí tó fi bèèrè ni pé bó bá jẹ́ láti ìlú tí ẹ̀gẹ́ ti wá ni kòkòrò náà ti wá, tí kò sì tíì jẹ ẹ̀gẹ́ run lọ́hùn-ún, a jẹ́ pé ohun kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ òun náà. Àwọn òpìtàn ti ní ìdáhùn sílẹ̀ tipẹ́. Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni. Àwọn Potogí ló gbé e kọjá òkun wá sí Áfíríkà ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà ti Gúúsù wọ́n rí kòkòrò kan tó jọ tiwa bí ìbejì, inú wọn dùn, àmọ́ àwọn ọ̀tá tó ń pa ìyẹn ò fọwọ́ kan tiwa. Àwọn tó yanjú rẹ̀ ni àwọn kan tí gbogbo iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo irun ara kòkòrò, kí wọ́n máa sọ pé èyí kì í ṣe ìyẹn. Wọ́n ní irú méjì ni. Ti ọ̀hún ní akọ, tiwa kò ní. Wọ́n fi orúkọ Herren sọ ti ọ̀hún, Phenacoccus herreni. Bó o bá ti pàdé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó di ọjọ́ yẹn, tó sọ fún ọ pé irun kòkòrò lòun ń kà, ṣé ìwọ náà ò ní ní àlọ́ ló ń pa?

Ní 1981, Tony Bellotti, onímọ̀ nípa kòkòrò, bá ojúlówó kòkòrò náà pàdé ní Paraguay. Agbọ́n kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò tó èèrà, tó ń yé ẹyin sínú rẹ̀, tí ọmọ agbọ́n á sì máa jẹ ẹ́ láti inú títí yóò fi kú. Wọ́n kọ́kọ́ gbé agbọ́n náà lọ sí London láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n má baà fi ìyọnu kan ra òmíràn. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tó yá, bàálù ni wọ́n fi ń dà á sílẹ̀ láti òkè. Kò pẹ́ tí kòkòrò funfun fi di ohun tí àgbẹ̀ ń gbàgbé. Herren gba World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé fún iṣẹ́ lórí oúnjẹ, ní 1995. Kòkòrò ò parun o, agbọ́n náà ò sì parun. Wọ́n jọ ń bá ara wọn fà á nínú oko wa títí dòní.

Ní ilé-iṣẹ́ kan náà ni Sang Ki Hahn, ọmọ Korea, ti bí irú ẹ̀gẹ́ tí àìsàn tó ń sọ ewé di rúnrùn ò lè tètè ṣe lọ́ṣẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń jẹ gàrí rẹ̀ lónìí, ìdílé rẹ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Àwọn ará Ìkirè fi í jẹ Sèríkí Àgbẹ̀. Lónìí, nǹkan bíi 60 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ ló ń jáde ní Nàìjíríà lọ́dún, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó tó wa.

Mo ti ń lo ọ̀rọ̀ náà, "àwọn òpìtàn ti mọ̀ tipẹ́." Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Èèyàn ò lè mú ọdún 1550 wọ lábù kó tún un ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà ẹ̀rí oríṣiríṣi ni wọ́n máa ń kó jọ, kí wọ́n wò ó bóyá ẹnu wọn kò.

Ẹ wo bí ó ṣe rí nípa ẹ̀gẹ́. Ní 1999, Kenneth Olsen àti Barbara Schaal wo àbùdá ẹ̀gẹ́ tí à ń gbìn, wọ́n fi wé ti èyí tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó, wọ́n sì bá ilé rẹ̀ dé etí gúúsù igbó Amazon. Ní El Salvador, níbi tí òkè iná ti bú ní nǹkan bí 1,400 ọdún sẹ́yìn tí eérú sì bo abúlé kan tí à ń pè ní Joya de Cerén, Payson Sheets àti ẹgbẹ́ rẹ̀ walẹ̀ ní 2007, wọ́n kan ihò nínú eérú tó ti le. Wọ́n da ohun funfun bíi sìmẹ́ǹtì tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò sínú rẹ̀, wọ́n jẹ́ kó gbẹ, wọ́n fọ́ eérú kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ló jáde. Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti rà láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ àyè rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n gbìn ín, lórí ebè tí wọ́n kọ létòlétò. Lọ́dọ̀ àwọn Tupi ní Brazil, ìtàn kan wà nípa ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Mani, tó kú, tí wọ́n sin ín sínú ilé, tí ẹ̀gẹ́ sì hù lórí sàréè rẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni orúkọ mandioca ti wá, ilé Mani. Ẹni tó ń kọ́ ìtàn àdáyébá ò ní sọ fún ọ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ohun tó máa bèèrè ni pé kí ló dé tí àwọn èèyàn kan fi rí oúnjẹ wọn bí ọmọ wọn.

Èdè tiwa náà ń jẹ́rìí. Iṣu, iṣu ni kárí ilẹ̀ Yorùbá, ìró rẹ̀ kàn ń yí díẹ̀ láti Èkìtì dé Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n èyí tí à ń gbìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀gẹ́ níbí, pákí lọ́hùn-ún, gbágùúdá níbòmíràn, lánàásẹ́ lẹ́nu àwọn kan. Àgbàdo, tí òun náà ti Amẹ́ríkà wá, tún ń jẹ́ ìgbàdo, ọkà, yangan. Ohun tó bá ti bá àwọn baba ńlá wa láti ilé, orúkọ kan ló sábà máa ń ní. Ohun tó bá dé lẹ́yìn tí kálukú ti tẹ̀dó, kálukú á sọ ọ́ lórúkọ tó wù ú. Ẹ tún wò ó: a ní ọdún ìjẹṣu, ọba kan ò sì gbọdọ̀ tọ́ iṣu tuntun wò kí wọ́n tó ṣe é. Kò sí ọdún ìjẹgbágùúdá. Gbogbo wa là ń jẹ gàrí lójoojúmọ́, àmọ́ àlejò ṣì ni lójú òrìṣà.

Ibí ni iṣẹ́ àbúrò mi ti wọlé. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Brazil ni wọ́n kọ́kọ́ mọ bí a ti ń rin ẹ̀gẹ́, tí a ń fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì ń yan án. Àpò gígùn kan tí wọ́n ń pè ní tipiti ni wọ́n fi ń fún un: wọ́n á fi ọ̀pá fà á gùn, inú rẹ̀ á há, omi á jáde. Àwọn ẹrú Yorùbá tó wà ní Bahia jẹ ìyẹ̀fun rẹ̀, farinha, wọ́n sì mọ bí a ti ń ṣe é. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí dì ní Bahia ní 1835, tí ìjọba ibẹ̀ sì dojú kọ àwọn ọmọ Áfíríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ ọkọ̀ padà, wọ́n dó sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Àwọn là ń pè ní Àgùdà. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé àwọn ló tan ọgbọ́n gàrí yíyan kálẹ̀ ní etíkun wa. Ní 1968, S. A. Agbọọlá, onímọ̀ jọ́gíráfì, ti kọ̀wé lórí bí ẹ̀gẹ́ ṣe wọ ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà tó sì gbilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ síwájú gbọ́dọ̀ lọ ka ìwé ìrìnnà tí wọ́n fún àwọn tó ń padà bọ̀, tó ṣì wà nípamọ́ ní Bahia, ní èdè Potogí, lọ́wọ́ ìkọ̀wé tí kò hàn dáadáa, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Àbúrò mi ka èdè náà fún ọdún méjì gbáko kó tó lè ka ojú ewé àkọ́kọ́ tán. Àlọ́ ò gba irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ṣàlàyé èyí fún Màmá lábẹ́ àtíbàbà yẹn, ó rí i pé wọ́n ń gbọ́ ọ, ó bá fi kún un. Ó ní títí dòní ní Bahia, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọdún òrìṣà, Èṣù ni wọ́n kọ́kọ́ ń bọ, ohun tí wọ́n sì fi ń bọ ọ́ ni farinha tí wọ́n fi epo pupa pò. Padê ni wọ́n ń pè é.

Igbá Màmá dúró lójú agbada fún ìgbà àkọ́kọ́ látàárọ̀. "Èṣù ń jẹ gàrí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Gàrí elépo."

Wọ́n mi orí títí. Gàrí ti fẹ́ máa jó, wọ́n sáré yí i, wọ́n bu ọ̀wọ́ kan, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n dà á sẹ́nu. Wọ́n ní, "Ìyẹn dáa. Èèyàn á máa ṣiṣẹ́, kò ní mọ ibi tó ti wá." Lẹ́yìn náà wọ́n tún ká ìró sókè.

"Ṣùgbọ́n o ò tíì sọ nǹkan kan nípa orúnkún mi o."